Ọmọ mi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìdíje ìtukọ̀ àgbáyé àkọ́kọ́ (Lucerne, 1962): ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Ìbejì kọ:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, wọlé lọ́jọ́ kan lọ́dún tó kọjá, ó ní òun ti dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń wa ọkọ̀ níléèwé. Mo ní ọkọ̀ kẹ̀? Ta ló fún ẹ ní láísẹ́ǹsì? Àṣé ọkọ̀ ojú omi ni. Etí odò Thames là ń gbé níbí. Láti ìgbà yẹn, gbogbo àárọ̀ Sátidé ni mo ń dúró sétí omi nínú òtútù, tíì inú fúláàsì lọ́wọ́ mi, tí mo ń pàtẹ́wọ́ fún ohun tí kò yé mi.

Ní báyìí, olùkọ́ wọn ti pín iṣẹ́. Kálukú máa sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 10 lórí ìdíje kan nínú ìtàn eré náà. Ti ọmọ mi bọ́ sórí ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ṣe ní Lucerne, ní Switzerland, lọ́dún 1962, tó jẹ́ ti ọkùnrin nìkan. Ó ti kọ ojú ewé kan. Ó to orúkọ sílẹ̀, ó to àkókò tẹ̀ lé e, bíi bíìlì iná. Mo kà á, oorun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kí ni kó fi bẹ̀rẹ̀? Kí ni kó fò? Èmi ò mọ̀ ju pé wọ́n ń kọ ẹ̀yìn síbi tí wọ́n ń lọ.

ỌmọẸ̀pẹ́ kọ:

Ẹ̀gbọ́n, èyí tí ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn gan-an ni kó fi bẹ̀rẹ̀!

Etí ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí, láti kékeré ni mo ti ń bá bàbá mi tukọ̀. Tiwa, iwájú là ń kọjú sí. Ọwọ́ méjèèjì la fi ń di àjẹ̀ mú, kò sí ohun tó so ó mọ́ ara ọkọ̀. Tó o bá fẹ́, o fi í sọ́tùn-ún, tó o bá fẹ́, o fi í sósì. O máa rí àwọ̀n ẹlòmíì kó o tó gùn ún, o máa rí ẹni tó o jẹ lówó lọ́ọ̀ọ́kán, wàá sì yà.

Tàwọn yẹn yàtọ̀. Àjẹ̀ wọn gùn, èyí tí ẹnì kan fi ọwọ́ méjèèjì dì mú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èèyàn méjì lóòró. Inú òrùka irin tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń fi í sí. Bàtà tí wọ́n ń wọ̀, wọ́n ti dè é mọ́ inú ọkọ̀. Ìjókòó wọn sì ní táyà kéékèèké lábẹ́, tó ń yí lórí irin méjì. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ta ara wọn sẹ́yìn, apá kàn ń bá a parí iṣẹ́ ni. Ìdí tí wọ́n fi kọ ẹ̀yìn síbi tí wọ́n ń lọ nìyẹn: itan lágbára ju apá lọ fíìfíì, wọ́n sì fẹ́ lò ó tán.

Kí ọmọ gbé àga kan àti ìgbálẹ̀ onígi méjì dání. Kó jókòó, kó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo kíláàsì, kó máa wà á. Kó má tíì sọ nǹkan kan. Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín tán, kó wá bi wọ́n pé, "ta ló mọ ìdí tí mo fi kọ ẹ̀yìn sí yín?"

Tíṣà Fẹ̀yìntì kọ:

Mo kí gbogbo yín. Àmọ̀ràn ọmọ Ẹ̀pẹ́ dára, ṣùgbọ́n kí ọmọ yìí ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ tí ń jẹ́ "àkọ́kọ́". Ó dá mi lójú pé ẹnì kan máa nawọ́ sókè.

Ìdíje àgbáyé tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, òótọ́ ni pé 1962 ló bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè ti ń bá ara wọn díje kó tó dìgbà náà. Oṣù kẹfà ọdún 1892 ni àwọn aṣojú pàdé ní Turin, ní Ítálì, tí wọ́n dá FISA sílẹ̀, ẹgbẹ́ ìtukọ̀ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní World Rowing lónìí. Bẹ́ljíọ̀m wà níbẹ̀, Faransé, Ítálì, Switzerland, àti Adriatica, ìyẹn àwọn ará ìhà Trieste tó ṣì wà lábẹ́ ọba Austria nígbà náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1893, wọ́n ṣe ìdíje Yúróòpù àkọ́kọ́ lórí adágún Orta, ní Ítálì níbẹ̀. Ọkùnrin nìkan ni tọ̀hún náà.

Ti Òlíńpíìkì ńkọ́? Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ètò ti 1896 ní Gíríìsì, ojú ọjọ́ ò jẹ́. Lórí odò Seine ní Paris, 1900, ni wọ́n tó rí i ṣe.

Nítorí náà, gbólóhùn kan péré ni kó fi pa á pọ̀: ti Yúróòpù, 1893, ti Òlíńpíìkì, 1900, ti àgbáyé, 1962. Kó tó kúrò níbẹ̀. Tó bá dúró pẹ́ níbẹ̀, ìṣẹ́jú 10 ti lọ.

Gbọ́yẹ̀ kọ:

Ẹ jẹ́ kó fi ìtàn Vyacheslav Ivanov ṣí i! Ọmọ Sófíẹ́ẹ̀tì tó gba góòlù ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan ní Lucerne yẹn, tí inú rẹ̀ dùn, tó ju àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ sókè, tó já sínú adágún. Ó bẹ́ sómi tẹ̀ lé e, kò rí i. Tí kíláàsì bá gbọ́ ìyẹn, wọ́n ti di tiẹ̀.

Tíṣà Fẹ̀yìntì kọ:

Gbọ́yẹ̀, ìtàn náà jẹ́ òótọ́, ibi tí o gbé e sí ni kò tọ̀nà. Ọdún 1956 ni, Òlíńpíìkì Melbourne, lórí adágún Wendouree ní ìlú Ballarat. Ọmọ ọdún 18 ni Ivanov nígbà náà. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dópin kó tó kọjá Stuart Mackenzie, ọmọ Ọsirélíà, ẹni tí gbogbo èrò ilé wá wò. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ mìíràn lẹ́yìn náà.

Ṣùgbọ́n ọmọ lè lò ó, tó bá mọ̀ ọ́n lò. Kó ní: "Ẹni tó ju góòlù rẹ̀ sómi ní 1956, tó tún gba òmíràn ní Rome ní 1960, òun náà ló jókòó sínú ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan ní Lucerne ní 1962, òun náà ló sì borí." Ní 1964, ní Tokyo, ó gba ẹ̀kẹta ní Òlíńpíìkì. Àṣà rẹ̀ ni pé kì í yára fi gbogbo agbára rẹ̀ hàn. Nínú mítà 2000, á jẹ́ kí àwọn yòókù máa lọ, kí wọ́n máa ṣe bí ẹni pé ó ti parí. Tó bá ku nǹkan bíi 500, á wá jí. Kó ju ìyẹn fún wọn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì Zürich kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa eré o, ṣùgbọ́n mo mọ ibẹ̀! Kò tó wákàtí kan nínú ọkọ̀ ojú irin láti ọ̀dọ̀ wa sí Lucerne. Ẹ má fi adágún ńlá tó wà láàárín ìlú, èyí tí gbogbo àlejò ń yàwòrán, pè é o. Àṣìṣe tí èmi náà ṣe nìyẹn. Mo dúró sétí afárá onígi, mò ń wá ibi tí wọ́n ti ń díje, títí ìyá àgbà kan fi ṣàánú mi, tó nawọ́ sí ẹ̀yìn òkè.

Rotsee ni orúkọ rẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gùn, bíi kìlómítà méjì àbọ̀, ẹ lè pariwo kí ẹni tó wà lódìkejì gbọ́. Òkè wà lápá ọ̀tún, òkè wà lápá òsì, igi bo gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ tí mo lọ, atẹ́gùn ń gbé fìlà èèyàn nínú ìlú. Mo dé etí Rotsee, omi náà tẹ́ bí àwo ọbẹ̀ tí ẹnì kan ò tíì fọwọ́ kàn. Àwọn tó ń tukọ̀ ní orúkọ tí wọ́n ń pè é lédè Jámánì, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "adágún àwọn òrìṣà". Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní àwọn náà mọ̀ pé omi ní ẹni tó ni ín.

Kí ọmọ wá àwòrán Rotsee tí wọ́n yà láti òkè, kó fi han kíláàsì. Ó ju ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún lọ níbẹ̀.

Tíṣà Fẹ̀yìntì kọ:

Ọlọ́run á bù kún ọ, Àǹtí. Ohun tí o rí lójú yẹn ni kókó.

Ẹni tó gbé èrò ìdíje àgbáyé yìí kalẹ̀ ni Thomas Keller, ọmọ Switzerland, tí òun fúnra rẹ̀ ti tukọ̀ rí. Ó di ààrẹ FISA ní 1958 nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 35, orí oyè náà ló sì wà títí ó fi kú ní 1989. Ohun tó ń dùn ún ni pé nínú eré yìí, ẹni tí wọ́n fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lè pàdánù kó tó bẹ̀rẹ̀. Omi odò a máa ṣàn, ó yá lápá kan, ó falẹ̀ lápá kejì. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ìdíje ló jẹ́ pé ibi tí o fa nínú ìbò ló ń pín ọ níyà tàbí tó ń gbè ọ́.

Ní Òlíńpíìkì 1960, lórí adágún Albano lẹ́bàá Rome, ni wọ́n ti kọ́kọ́ na okùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí wọ́n so àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké tó léfòó mọ́ ọn, kí ọ̀nà kálukú lè dá dúró. Ẹ fi ìyẹn pọ̀ mọ́ omi tí kò ṣàn, tí òkè dí atẹ́gùn mọ́, ẹ máa mọ ìdí tó fi jẹ́ Rotsee. Ọdún 1933 ni wọ́n ti ń díje níbẹ̀, ìdíje Yúróòpù sì ti wáyé níbẹ̀ ní 1934 àti 1947.

Bàbá Ìbejì kọ:

Mo dúpẹ́ o, gbogbo ilé. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí i létí lálẹ́ àná. Ó fẹ́ràn ti ìgbálẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí inú pálọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè kan: ó ní oríṣi ọkọ̀ méje ló díje, mo ka nọ́ńbà wọn, mo rí méjì lẹ́ẹ̀mẹta, mo rí mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ó ṣì í kọ ni?

Ẹlẹ́ni Mẹ́jọ kọ:

Kò ṣì í kọ, sà. Mo wa ọkọ̀ fún ọdún mẹ́rin nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kí n là á.

Oríṣi méjì ni àjẹ̀ mímú. Nínú ọ̀kan, ìwọ nìkan mú àjẹ̀ méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Nínú èkejì, àjẹ̀ kan ṣoṣo lo fi ọwọ́ méjèèjì mú, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ á mú tiẹ̀ lódìkejì. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọkọ̀ kan ní olùdarí, ẹni kékeré tí kì í wà á, tó ń rí iwájú, tó ń tọ́ ọkọ̀, tó ń pariwo lé yín lórí. Àwọn kan ò ní.

Ní 1962: alájẹ̀ méjì ní ẹlẹ́nìkan àti ẹlẹ́ni méjì. Alájẹ̀ kan ní ẹlẹ́ni méjì láìsí olùdarí, ẹlẹ́ni méjì pẹ̀lú olùdarí, ẹlẹ́ni mẹ́rin láìsí, ẹlẹ́ni mẹ́rin pẹ̀lú, àti ẹlẹ́ni mẹ́jọ, tí kò lè ṣe kó má ní. Ó di méje. Orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ kún gbogbo rẹ̀ láìlo ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì á wá atukọ̀ 23 àti olùdarí mẹ́ta. Kí ọmọ má ka àlàyé yìí fún wọn o! Kó ya ọkọ̀ méje sí pátákó, kó fi tó tó tó ṣe orí èèyàn. Ó tán.

Ibi tí mo fẹ́ kó ti lo àkókò rẹ̀ rèé: nínú góòlù méje yẹn, Jámánì kó márùn-ún. Ivanov gba ti ẹlẹ́nìkan, Faransé gba ti alájẹ̀ méjì ẹlẹ́ni méjì, René Duhamel àti Bernard Monnereau ni wọ́n. Gbogbo alájẹ̀ kan pátá, Jámánì ló kó o.

Ẹ ò rí i, ìtàn gidi wà lẹ́yìn ìyẹn. Ìlú kékeré kan wà ní àríwá Jámánì tó ń jẹ́ Ratzeburg, omi yí i ká. Olùkọ́ iléèwé girama kan wà níbẹ̀, Karl Adam. Ẹ̀ṣẹ́ ló ń jà nígbà èwe rẹ̀. Ní 1937 ó gba ipò kìíní fún àwọn abara-tóbi nínú ìdíje àgbáyé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣe atukọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ eré náà, kò sì sí àgbà kankan tó máa sọ fún un pé "báyìí là ń ṣe é". Ó wá ń bi ohun gbogbo léèrè. Ó wo bí àwọn eléré sísá ṣe ń gbára dì: kí wọ́n sáré kíkankíkan fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n mí, kí wọ́n tún sáré. Ó ní kí àwọn ọmọ òun máa tukọ̀ bẹ́ẹ̀, dípò kí wọ́n máa rọra wà á lọ gbọọrọ láti àárọ̀. Ó fi kún iye ìgbà tí àjẹ̀ ń wọ omi ní ìṣẹ́jú kan. Ní ìdíje Yúróòpù ti 1959, ní Mâcon ní Faransé, wọ́n gbé àjẹ̀ tuntun jáde tí ẹnu rẹ̀ kúrú tó sì fẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, bí ẹni gé ìpàkọ́ ṣíbí. Títí di òní, Macon ni wọ́n ń pe àjẹ̀ yẹn.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní Rome, ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ Jámánì na Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé láti 1920 títí dé 1956, kò sí Òlíńpíìkì tí wọn ò ti gba ti ẹlẹ́ni mẹ́jọ! Nígbà tí wọ́n fi dé Lucerne ní 1962, gbogbo ojú ló wà lára wọn, wọ́n sì tún gbà á. Èmi ì bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ tó bá jẹ́ èmi ni, kí n jẹ́ kí Ivanov tẹ̀ lé e.

Ìyá Adùnní kọ:

Mo ti ń ka gbogbo yín bọ̀. Kò sẹ́ni tó bi pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọkùnrin nìkan?

Ọmọ mi obìnrin náà ń tukọ̀, ó ti tó ọdún mẹ́ta. Tí ọmọ Bàbá Ìbejì bá dúró síwájú kíláàsì, tí àwọn ọmọbìnrin wà níbẹ̀, tó ní "ìdíje àgbáyé", tí kò sọ pé ìdajì ayé ò sí níbẹ̀, wọ́n máa bi í. Kì í ṣe pé kò sí obìnrin tó ń tukọ̀ o. Láti 1954 ni wọ́n ti ní ìdíje Yúróòpù tiwọn, Mâcon yẹn náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ 1974 ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ìdíje àgbáyé fún wọn, lórí Rotsee kan náà. Mítà 1000 ni wọ́n ní kí wọ́n máa wà, ìdajì ti ọkùnrin. Ó di 1985 kí wọ́n tó gbà pé obìnrin lè wa 2000. Àwa tí ìyá wa ń ru igi láti oko!

Gbọ́yẹ̀ kọ:

Ìyá Adùnní, ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n fún ọmọ. Ìdíje ọkùnrin ni wọ́n ní kó sọ.

Ìyá Adùnní kọ:

Ìṣẹ́jú kan nínú 10 kò lè pa á, àbúrò. Ìwọ tó gbé Ballarat lọ sí Switzerland.

Tíṣà Fẹ̀yìntì kọ:

Ìyá Adùnní ti borí, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Kó fi 1974 sí àárín, kó má fi sí ìparí bí ẹni ń tọrọ gáfárà. Ó tiẹ̀ bá ìtàn náà mu: ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe é, 1962 ní Lucerne, 1966 ní Bled ní Yugoslavia, 1970 ní St. Catharines ní Kánádà, 1974 wọ́n padà sí Lucerne. Láti ìgbà náà ló ti di ọdọọdún.

Mo tún ní ẹ̀bùn kan fún un tí kò gbọ́dọ̀ fi sínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kó tọ́jú rẹ̀ sápò di ìgbà ìbéèrè. Ní Paris, 1900, àwọn ọmọ Họ́láǹdì méjì kan rí i pé olùdarí ọkọ̀ wọn ti wúwo jù. Wọ́n fà á kúrò, wọ́n sì mú ọmọdékùnrin Faransé kan láti etí odò, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n gba góòlù. Wọ́n bá a ya fọ́tò. Ọmọ náà bá tiẹ̀ lọ. Títí di òní, wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó jẹ́.

ỌmọẸ̀pẹ́ kọ:

Háà! Ọmọdé gba góòlù Òlíńpíìkì kó tó jẹun alẹ́. Ìyá rẹ̀ lè má gbà á gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n, tí ẹnì kan bá bi í bóyá àwọn èèyàn wa ń ṣe é, kó sọ pé Chierika Ukogu wa ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan fún Nàìjíríà ní Rio ní 2016, òun ni atukọ̀ wa àkọ́kọ́ ní Òlíńpíìkì. Ti ọ̀sà wa, ìyẹn tún jẹ́ eré mìíràn.

Bàbá Ìbejì kọ:

Ẹ kú àdúrótì o. Ó ti sọ ọ́, àná ni.

Ó gbé àga sílẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó mú ìgbálẹ̀ méjèèjì, ó ń wà. Ó ní àwọn kan rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi sunkún. Ó wá yíjú padà, ó ní: "Lọ́dún 1962, olùkọ́ iléèwé kan tó jẹ́ ajẹ̀ṣẹ́ ló kọ́ ayé bí a ṣe ń ṣe èyí." Kò sí ọ̀rọ̀ 1893 títí ọmọ kan fi nawọ́ sókè, bí Tíṣà ṣe wí gẹ́lẹ́. Ó dá a lóhùn wéré. Olùkọ́ bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi lọ sí adágún kékeré nígbà tí ńlá wà nítòsí. Ó mú ike omi méjì, ọ̀kan fẹ̀, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí méjèèjì. Èmi ò kọ́ ọ o, ibi tó ti rí ìyẹn, mi ò mọ̀. Olùdarí ọkọ̀ wọn, ọmọbìnrin ni, ló pàtẹ́wọ́ jù nígbà tó dé 1974.

Ìṣẹ́jú 14 ló lò. Wọn ò dá a dúró.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wá rèé. Ó padà wálé lánàá láti ibi ìdánrawò, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti lé ròrò, méjì ti bẹ́. Kò lè di ṣíbí mú. Kí lẹ ń fi sí i?

Ẹlẹ́ni Mẹ́jọ kọ:

Ẹ kí i fún mi, sà! Èyí tí kò tíì bẹ́, kó má já a. Èyí tó ti bẹ́, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi báńdéèjì bò ó. Tó bá pupa tó ń ràn kálẹ̀, tàbí tó ń ṣọyún, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kó sì máa fọ ọwọ́ àjẹ̀ kó tó mú un, ẹni tó lò ó ṣáájú lè ti ṣẹ̀jẹ̀ sí i. Kó dín agbára tó fi ń dì í mú kù, ìka ló yẹ kó fi kọ́ ọ, kì í ṣe kó fún un lọ́rùn.

ỌmọẸ̀pẹ́ kọ:

Ẹ tún yẹ èékánná rẹ̀ wò. Tiwa náà ń lé, òróró àgbọn ni ìyá mi fi ń pa á tó bá ti jinná.